Omi Kan, Ọ̀pọ̀ Ẹnu: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Omi ní Ọ̀nà Omi Trent–Severn

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin aládùúgbò mi. Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ ìjọba Kánádà fi máa ń wa ọkọ̀ gba inú igbó lọ ní oṣù Keje, tí yóò fi ẹ̀rọ fa ìtì igi kan ṣoṣo kúrò lára ìsédò kékeré kan, tí yóò sì padà sílé? Ìtì igi náà kò nípọn ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ. Síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi tó wà ní ibi tó jìnnà réré nísàlẹ̀ yóò fi rí omi tí ó tó o léfòó. Ìlú kan yóò rí omi fà fún àwọn ará ilé mu. Ẹni tó kọ́lé sétí adágún lókè yóò sì jí lówùúrọ̀, yóò rí i pé omi ti sá sẹ́yìn kúrò lẹ́nu èbúté rẹ̀. Bí ẹ bá lóye ohun tí ìtì igi kan yẹn ń ṣe, gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ yóò yé yín.

Ọ̀nà omi tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Trent–Severn Waterway. Ìpínlẹ̀ Ontario ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Trenton létí adágún ńlá Ontario, ó sì parí ní Port Severn létí Georgian Bay, tó jẹ́ apá kan adágún ńlá Huron. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 386 kìlómítà. Kì í ṣe odò kan ṣoṣo. Odò wà nínú rẹ̀, adágún wà nínú rẹ̀, ipa omi tí ènìyàn fọwọ́ gbẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ kí ọkọ̀ lè ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn ohun ìtàn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ ààbò. Parks Canada, àjọ tó ń mójú tó àwọn igbó ọba ilẹ̀ náà, ló ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1972.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ọkọ̀ ń gun òkè lójú ọ̀nà yìí. Láti Trenton, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé adágún Balsam, tó ga tó nǹkan bíi mítà 256 sí ojú òkun. Ibẹ̀ ni góńgó. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Ẹ ó wá bi mí pé, ìgbà wo ni omi di àtẹ̀gùn?

Yàrá omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n fi òkúta tàbí kọnkéré mọ ògiri méjì gíga, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn ńlá dí orí àti ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gòkè yóò gba ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ wọlé, wọn yóò ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Wọn yóò ṣí ihò tí omi ń gbà láti òkè wá, omi yóò máa kún inú yàrá náà, ọkọ̀ yóò sì máa bá omi gòkè. Nígbà tí omi inú yàrá bá dọ́gba pẹ̀lú omi òkè, wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn òkè, ọkọ̀ yóò jáde, yóò bá tirẹ̀ lọ. Fún ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò ṣe é ní ìdàkejì. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀rọ tó ń ti omi lọ sókè níbikíbi. Omi ń tòkè wá sísàlẹ̀ bí ìwà rẹ̀ ti rí ni, ènìyàn kàn ń dí i, ó sì ń ṣí i ní àkókò tó yẹ ni.

Ní ìlú Peterborough, wọ́n ṣe ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn láti ṣàlàyé, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ dára púpọ̀. Òkè ibẹ̀ ga jù fún yàrá kan ṣoṣo. Ẹnjiníà Richard Birdsall Rogers wá gbé ọpọ́n irin ńlá méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan sì tóbi tó ibi tí ọkọ̀ lè wọ̀ sí pẹ̀lú omi tó gbé e. Lábẹ́ ọpọ́n kọ̀ọ̀kan ni òpó irin kan wà, tó dúró sínú ihò jíjìn tó kún fún omi, páìpù kan sì so ihò méjèèjì pọ̀. Bí ọpọ́n kan bá wà lókè, èkejì á wà nísàlẹ̀. Wọn yóò jẹ́ kí omi tó nípọn bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lé sí i nínú ti òkè. Ìwúwo díẹ̀ yẹn tó láti mú un sọ̀ kalẹ̀, omi inú ihò rẹ̀ yóò sì gba páìpù lọ ti èkejì sókè. Mítà mọ́kàndínlógún ó lé díẹ̀ ni ọkọ̀ ń gòkè níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún 1904 ni wọ́n ṣí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé, bí ọkọ̀ ńlá bá wọ ọpọ́n kan tí ẹnikẹ́ni kò sì wọ èkejì ńkọ́? Ṣé ti ọlọ́kọ̀ kò ní wúwo jù? Rárá. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé, ó ń ti omi tó wúwo tó òun gan-an jáde kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Nítorí náà, ìwúwo ọpọ́n tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọpọ́n tí omi nìkan wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kejì wà ní Kirkfield, wọ́n ṣí òun ní 1907, kò sì ga tó ti Peterborough.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí omi fúnra rẹ̀. Balsam ni góńgó, omi sì ń ti ibẹ̀ ṣàn lọ sí ìhà méjèèjì. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ń mú omi díẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí oòrùn ń fà. Àwọn adágún Kawartha tó wà láàárín ọ̀nà yìí tẹ́jú, wọn kò sì jìn. Nígbà ooru, omi tó ń gbẹ lójú wọn lè ju omi tí òjò àti àwọn odò kéékèèké ń dà sínú wọn lọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi á fà, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á sì máa gbá ilẹ̀. Níbo ni wọ́n ti wá ń rí omi dí àyè náà?

Láti àríwá ni, ní agbègbè Haliburton, níbi tí òkúta pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí yìnyín sì ń pọ̀ lórí ilẹ̀ nígbà òtútù. Ó lé lọ́gbọ̀n adágún tó wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ìsédò sí lẹ́nu: Kennisis, Redstone, Drag àti àwọn mìíràn. Ọkọ̀ tó ń lọ láti Trenton sí Port Severn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti dúrọ́ọ̀mù tí a ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà òjò: a ó jẹ́ kó kún nígbà tí omi pọ̀, a ó sì máa bù ú díẹ̀díẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Inú odò Gull àti odò Burnt ni ọ̀pọ̀ nínú omi wọn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ọ̀nà ọkọ̀.

Ìsédò wọ̀nyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ògiri ni wọ́n, tí wọ́n dá àlàfo sí láàárín. Ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà ní ihò gbọọrọ tí wọ́n ń ki ìtì igi onígun mẹ́rin bọ̀ lórí ara wọn. Bí wọ́n bá fi ìtì kan kún un, omi ẹ̀yìn rẹ̀ á ga sí i. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, omi á máa dà jáde títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú orí ìtì tó kù. Ìtì igi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ bá fà á yọ lónìí, omi náà ṣì ní láti gba inú odò àti adágún mìíràn kọjá kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ máa ronú síwájú nígbà gbogbo. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìtì tán, wọn kò lè pe omi padà.

Bóyá ẹ̀ ń ṣe kàyéfì pé ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí. Kò sí ẹnì kan tó jókòó, tó ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1833 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ yàrá omi àkọ́kọ́ ní Bobcaygeon. Àwọn onígẹdú ló kọ́kọ́ sé ọ̀pọ̀ nínú àwọn adágún àríwá, kí wọ́n lè tú omi jáde lẹ́ẹ̀kan láti gbé igi gẹdú lọ sí ibi ìlagi. Ìjọba wá gba àwọn ìsédò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìgbà tó fi máa di 1920 tí ọkọ̀ kan, Irene, kọ́kọ́ ti Trenton dé Port Severn, rélùwéè àti mọ́tò ti gba iṣẹ́ ìkẹ́rù lọ́wọ́ ọ̀nà omi. Ohun tí wọ́n fi ọdún tó lé lọ́gọ́rin kọ́ fún òwò, òwò kò dúró dè é. Àwọn tó ń wá ìsinmi ló jogún rẹ̀: ẹni tó ní ọkọ̀ afẹ́, ẹni tó fẹ́ pẹja, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìsinmi sétí omi.

Báyìí, ẹ bá mi tẹ̀ lé omi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, nítorí inú ìrìn yìí ni ìjà gbogbo ti ń wá.

Ní ìparí ìgbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ inú igbó lọ wọn yìnyín. Kì í ṣe bí ó ti ga tó nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń ki páìpù bọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń wọn ohun tó bá inú páìpù wá, kí wọ́n lè mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀, nítorí yìnyín tuntun fúyẹ́, èyí tó ti pẹ́ sì ki. Lásìkò yìí, àwọn adágún àríwá ti lọ sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú wọn ni. Nígbà tí yìnyín bá wá yọ́ ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, wọn yóò máa fi ìtì igi lé e lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn adágún lè kún. Bí wọ́n bá tètè dí i jù, tí òjò wá bá yìnyín tó ń yọ́, omi á bo ilé. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, yìnyín á ti yọ́ tán, omi á ti lọ, adágún kò ní kún, kò sì ní sí ohun tí wọn yóò máa bù nígbà ooru. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni àǹfààní yìí ń wá.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, òjò ńlá bá yìnyín tó ń yọ́ ní Haliburton. Odò Gull kún bo bèbè rẹ̀ ní ìlú Minden, omi wọ ilé àwọn ènìyàn, ìlú náà sì kéde ipò pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí àwọn tó ń ṣàkóso ìsédò. Ìbínú ẹni tí omi wọlé rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan: àwọn adágún yìí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn wọ inú wọn. Kí igi gẹdú àti ọkọ̀ lè rí omi ni wọ́n ṣe sé wọn, kì í ṣe láti dá ẹ̀kún omi dúró. Wọ́n lè dín ẹ̀kún omi kékeré kù. Bí èyí tó pọ̀ bá dé, àyè inú wọn á kún, omi tó bá tún wọlé á sì gba orí wọn kọjá bí ẹni pé kò sí ìsédò níbẹ̀.

Nígbà ooru, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Láti ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìtì igi. Ẹni tó ní ilé ìsinmi létí adágún àríwá yóò rí omi tó ń lọ sílẹ̀ lójú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní àwọn adágún kan, ó lè ju mítà méjì lọ kí ọdún tó parí. Ẹni tó ní ilé ìsinmi létí adágún Kawartha nísàlẹ̀ kò ní rí ju ìyípadà díẹ̀ lọ, nítorí ọkọ̀ ń kọjá níwájú ilé tirẹ̀, omi kò sì gbọ́dọ̀ fà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará òkè fi ń sọ pé àwọn ni wọ́n ń fi ṣe ìrúbọ fún ìgbádùn àwọn ará ìsàlẹ̀.

Kí ó má bàa jẹ́ pé adágún kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá mu, àwọn olùṣàkóso ń gbìyànjú láti bù láti ara gbogbo adágún ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kì í ṣe ti sẹ̀ǹtímítà, ti ìdá ni. Ká ní adágún kan lè gba mítà mẹ́ta omi sínú àyè rẹ̀, èkejì sì lè gba mítà kan péré. Bí wọ́n bá bu ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn méjèèjì, ti àkọ́kọ́ yóò lọ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ti èkejì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹni tó wà létí ti àkọ́kọ́ yóò wo ti aládùúgbò rẹ̀, yóò sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni kò gbà á gbọ́. Mo rò pé bí wọ́n bá ń lẹ ìṣirò yìí mọ́ ara ìsédò kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ènìyàn lè kà á, ìdajì ariwo náà á rọlẹ̀.

Ènìyàn nìkan kọ́ ló ń bá omi yìí ṣe àdéhùn. Ẹja lake trout ń yé ẹyin sáàárín òkúta létí adágún nígbà ìwọ́wé, ẹyin náà sì ń wà níbẹ̀ títí òtútù yóò fi kọjá. Bí omi bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹja ti yé tán, ẹyin á yọ síta, á sì dì. Nítorí náà, wọ́n ń sapá láti dá omi sí ìwọ̀n ìgbà òtútù kí ìyé ẹyin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹja walleye ní tirẹ̀ ń yé ẹyin nígbà ìrúwé níbi tí omi ti ń sáré nísàlẹ̀ ìsédò. Bí wọ́n bá dí omi lójijì láti kún adágún òkè, ẹyin rẹ̀ á gbẹ. Ìjàpá inú omi ń sùn nínú ẹrẹ̀ nígbà òtútù, bí omi orí ẹrẹ̀ náà bá sá lọ, yóò kú sójú oorun. Ẹyẹ loon ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí ẹnu omi gan-an, bí omi bá sì ga díẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ẹyin rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ wá rí i pé kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ènìyàn lè yọ ìtì igi láìkọ́kọ́ béèrè pé ta ló wà nísàlẹ̀, ta ló sì wà lókè.

Ní ibì kan, ààbò ẹja tilẹ̀ borí ìrọ̀rùn ọkọ̀. Ní Big Chute, nítòsí òpin ọ̀nà náà, kò sí yàrá omi. Ojú irin ni wọ́n tẹ́ gba orí òkè, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ńlá kan gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, wọ́n ń gbé e gba orí ilẹ̀, wọ́n sì tún ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ní ìhà kejì. Wọ́n ti fẹ́ fi yàrá omi rọ́pò rẹ̀ nígbà kan, àmọ́ wọ́n rí i pé lamprey òkun ti wà nísàlẹ̀. Ẹja gígùn ni, ẹnu rẹ̀ rí roboto, eyín kún inú rẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn lára, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí yàrá omi bá wà, lamprey á bá ọkọ̀ wọlé dé adágún Simcoe. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun tó tóbi sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ọkọ̀ ń là kọjá ni odi ìdáàbòbò náà.

Ṣùgbọ́n kí a tó yin àwọn olùṣàkóso jù, ó yẹ kí a rántí ẹni tó ni omi náà kí ìsédò tó dé. Àwọn Anishinaabe ti ìran Mississauga ti ń gbé etí omi yìí fún ìgbà pípẹ́, ní àwọn ibi bíi Curve Lake àti Hiawatha. Ohun tí wọ́n ń kórè nínú omi ni manoomin, ìrẹsì tó ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, ewé rẹ̀ ń fẹ̀ sójú omi, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì tíì rinlẹ̀. Bí omi bá ga lójijì lásìkò yẹn, yóò fa ìrẹsì náà tu. Nígbà tí wọ́n sé odò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí omi sì bo ibi tí ìrẹsì ti ń hù, ọ̀pọ̀ oko yẹn ṣègbé, ẹnikẹ́ni kò sì bi àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ní 2015, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ lórí adágún Pigeon, nígbà tí àwọn onílé ìsinmi fẹ́ kí wọ́n ro manoomin kúrò níwájú ilé wọn, tí àwọn Anishinaabe sì sọ pé oúnjẹ àwọn ni. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ àti ti Ontario fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìlú onílẹ̀ àkọ́kọ́ méje tó wà lábẹ́ àdéhùn Williams ti 1923. Ìjọba méjèèjì tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbà pé ẹ̀tọ́ ọdẹ, ìpẹja àti ìkórè àwọn ìlú náà ṣì wà. Síbẹ̀, ní 2021, nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ìsédò Burleigh Falls kí wọ́n tún un kọ́, àwọn Kawartha Nishnawbe, tí wọ́n jẹ́ Anishinaabe pẹ̀lú, dá iṣẹ́ náà dúró. Wọ́n ní ìjọba kò bá àwọn jíròrò bó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ti ń pẹja. Ojú tèmi ni pé ìjọba kì bá tí pàdánù àkókò kankan bí wọ́n bá ti pe àwọn tó mọ omi náà jókòó kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé.

Ẹ ti ní sùúrù fún mi títí dé orí ọ̀rọ̀ owó. Ta ló ń sanwó gbogbo èyí?

Ọlọ́kọ̀ ń san owó kí ó tó gba yàrá omi kọjá, gẹ́gẹ́ bí gígùn ọkọ̀ rẹ̀ ti tó. Ó sì ń san owó bí ó bá fẹ́ dúró sùn létí èbúté wọn. Àwọn tó fi agbára omi ṣe iná mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsédò ń san owó ìlò omi. Ẹni tó fẹ́ kọ́ èbúté sínú omi ń gba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó kéré sí ohun tí ọ̀nà omi náà ń ná. Àpò ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó orí gbogbo ará Kánádà, ló ń gbé ẹrù tó kù.

Ní 2013, Parks Canada gbé àbá jáde láti mú owó ọlọ́kọ̀ ga sókè, lẹ́yìn tí ìjọba ti gé owó tó ń fún àjọ náà kù. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn olókòwò etí omi fárígá. Wọ́n ní bí owó bá ga tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kò ní wá mọ́, ilé oúnjẹ àti ilé epo tó wà létí yàrá omi yóò sì kógbá sílé. Parks Canada fi àbá náà sílẹ̀. Ní 2017, tí Kánádà ń ṣe àjọ̀dún àádọ́jọ ọdún, wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ lè sọ pé, ẹni tó ń jẹ adùn ni kó sanwó rẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó ń jẹ adùn náà dáadáa. Ìlú Peterborough ń fa omi mímu rẹ̀ láti inú odò Otonabee, tó jẹ́ apá kan ọ̀nà omi yìí. Àwọn ìlú tó ń da omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti fọ̀ sínú odò nílò omi tó ń ṣàn tó pọ̀ tó láti bù ú là. Ilé tó wà létí adágún àríwá ní iye lórí nítorí pé ìsédò ló jẹ́ kí adágún náà tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó orí ilé yẹn ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ìsédò ṣe. Ẹni tó ń gbé Minden, tí kò ní ọkọ̀ ojú omi, tí kò sì fẹ́ ní, ń sùn lálẹ́ lábẹ́ ààbò ìsédò tó wà lókè ilé rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu yàrá omi. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wo ọjọ́ ọ̀la ọ̀nà omi náà rí èyí. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn wọn jáde ní 2008, omi ni wọ́n fi ṣe kókó rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀.

Ohun tó ń jẹ owó jù kò sì hàn sí àlejò. Kọnkéré púpọ̀ nínú àwọn ìsédò náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Omi ń wọ inú sísán tín-ín-rín, ó ń dì nígbà òtútù, ó ń wú bí ó ti ń dì, ó sì ń la sísán náà sí i. Bí ó ti ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Ìgbà òtútù tí ọkọ̀ kò sí lójú omi ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe rẹ̀: wọn yóò kọ́ odi ìgbà díẹ̀ sínú odò, wọn yóò fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, wọn yóò bo ibi iṣẹ́ kí ó móoru, nítorí kọnkéré tútù kò gbọ́dọ̀ dì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sún irú iṣẹ́ yìí síwájú, torí kò sí ẹni tó ń rí sísán ògiri tó wà lábẹ́ omi. Nígbà tó di 2014 sí 2015, ìjọba àpapọ̀ ya nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ohun ìní Parks Canada káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín ọdún márùn-ún, apá tó nípọn nínú rẹ̀ sì bọ́ sí Trent–Severn. Owó náà ṣe iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n owó ọlọ́dún márùn-ún ni, ìsédò sì ń darúgbó lójoojúmọ́. Ó yẹ kí owó àtúnṣe máa wá bí owó oṣù ti ń wá, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ògiri bá fẹ́ wó.

Ìbéèrè kan kù tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín: bí ọ̀nà omi yìí bá náwó tó bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í ṣe ọ̀nà òwò mọ́, kí ló dé tí wọn kò kúkú ti yàrá omi rẹ̀ pa? Wọ́n lè ti yàrá omi pa lọ́la. Wọn yóò rí owó oṣù àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ fi pamọ́, wọn yóò sì pàdánù àwọn àlejò tó ń náwó láti Trenton dé Port Severn. Ṣùgbọ́n ìsédò tó lé ní ọgọ́rùn-ún yóò ṣì wà níbẹ̀, yìnyín yóò ṣì yọ́ ní oṣù Kẹrin, Peterborough yóò ṣì máa mu omi, òṣìṣẹ́ kan yóò sì tún ní láti wa ọkọ̀ wọ inú igbó lọ fa ìtì igi.